Àgádágodo Tí Bàbá Fi Sílẹ̀ ní Bódìjà

Ẹlòmíràn a kú, a fi ilé sílẹ̀. Ẹlòmíràn a fi ìyàwó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Bàbá àgbà tèmi, nígbà tí wọ́n máa lọ, àgádágodo ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó wà lára ògiri ilé búrẹ́dì Alhaja Múínátù ní Bódìjà, ó há súìṣì ńlá tó ń gbé iná lọ sínú ààrò wọn mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá tì í, wọ́n wá sílé, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kejì àwọn máa padà lọ parí iṣẹ́. Wọ́n kírun àsùbáà, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn ò dìde mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti sin wọ́n.

Alhaja Múínátù ṣe sùúrù fún wa. Wọ́n bá wa sunkún, wọ́n bá wa ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tiẹ̀ gbé búrẹ́dì wá láti inú ààrò kékeré tó kù wọ́n kù. Ìgbà tí a ṣe fídáù tán ni wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì tí àwọn mọ́ṣáláṣí fi ń ṣínu ti wà lọ́rùn wọn, ààrò kékeré ò sì lè dá a ṣe. Bí ààrò ńlá yẹn bá fi tutù bẹ́ẹ̀ wọnú ààwẹ̀, àwọn oníbàárà á gba ibòmíràn lọ, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun á padà sílé lọ jókòó. Wọ́n ní kí n dákun kí n wá bá àwọn ṣí i. Èmi Múnírá, ọmọ ọmọ Bàbá, ni mo kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ojú mi ni gbogbo wọn ń wò.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a ò fi ayùn gé e. Mánijà ni kò gbà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Mánijà dúró ná. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́, nítorí bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n, ẹ ó rò pé orí ló yí gbogbo wa.

Iṣẹ́ Bàbá ni kí wọ́n gbé ààrò oníná mànàmáná kalẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ iná, kí wọ́n sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Mi ò sọ èyí tí ẹ ń lò nílé o. Ti àwọn oníṣòwò ni mò ń sọ, èyí tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní fáànù lẹ́yìn tó ń fẹ́ ooru yí oúnjẹ ká. Láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, wọ́n mọ̀ wọ́n. Wọ́n mọ fìlà wọn, wọ́n mọ àpò irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì mọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ni. Bàbá kì í fi àtẹ́lẹwọ́ kọ́kọ́ kan ohunkóhun. Wọ́n ní bí iná bá mú ènìyàn ní àtẹ́lẹwọ́, ńṣe ni ọwọ́ á dì mọ́ ohun tó mú un. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ló kàn án, ọwọ́ náà á fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn. Kò burú níbi iṣẹ́. Àmọ́ kò mọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ilé wa, ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Abọ́ ẹ̀kọ, ẹ̀yìn ọwọ́. Àgbò tí wọ́n fẹ́ rà fún Iléyá, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lórí, àgbò náà sì dúró, ó ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ tí a sọ àbúrò mi lórúkọ, wọ́n gbé ọmọ fún wọn kí wọ́n ṣàdúà fún un, Bàbá kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níkùn lójú gbogbo èrò. Inú bí ìyá mi, wọ́n ní ṣé ọmọ àwọn ló wá di wáyà. Bàbá wo ọmọ náà títí, wọ́n yí ọwọ́ padà, wọ́n gbà á mọ́ra, wọ́n ní, "Kò sóhun tó ń ṣe é. Ó ṣeé gbé."

Wọn ò sì gba tẹ́sítà gbọ́. Kí wọ́n tó fi tẹ́sítà wo wáyà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn, wọ́n á kọ́kọ́ fi wo ibi tí wọ́n mọ̀ dájú pé iná wà. Bó bá tàn níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ń sọ òótọ́. Wọ́n á wá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á wò ó pé kò tàn, wọ́n á tún padà síbi àkọ́kọ́, kó má lọ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni tẹ́sítà kú sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ènìyàn náà nìyẹn. Bí mo bá ti òde dé, wọ́n á ní kí ni mo jẹ láàárọ̀, ohun tí a jọ jẹ. Mo bá ti dáhùn, wọ́n á wá béèrè ibi tí mo lọ.

Ọkùnrin tó fẹ́ Àǹtí Sèlíátù, àbíkẹ́yìn Bàbá, lọ rí i he. Ó wá kí wọn pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Bàbá ní kí ni àwọ̀ bùbá tó wọ̀. Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀, ó ní funfun ni. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní òun ń ta páàtì mọ́tò ní Ìwó Road. Wọ́n tún ní kí ni àwọ̀ bùbá rẹ̀. Òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ó ní funfun náà ni, sà. Ó yíjú sí ẹni tó bá a wá, ó rọra béèrè bóyá ara bàbá yìí dá. Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ ni mò ń dán wò. Ó ń ṣiṣẹ́." Bí ó ṣe di ọkọ Àǹtí nìyẹn, títí di òní kì í wọ bùbá aláràbarà wá sílé wa.

Bí ẹ bá fẹ́ bá Bàbá jà, ẹ ní kí wọ́n fo áàtì. Áàtì ni wáyà tó máa ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn kí wọ́n fò ó, nítorí pé ààrò á gbóná láìsí i. Bàbá á ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò náà á rìn láìsí bíréèkì. Olóúnjẹ kan ní Agbowó ra ààrò tuntun, a sì lọ bá a gbé e kalẹ̀. Bàbá gbẹ́ ihò áàtì síwájú ilé, wọ́n ri ọ̀pá pupa kan mọ́lẹ̀, wọ́n da èédú yí i ká, wọ́n da iyọ̀ sí èédú, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀ lè rọ̀ dáadáa. Ẹnu wọn sì ń jà wùyẹ̀wùyẹ̀, nítorí Bàbá kì í ṣiṣẹ́ kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí lánlọ́ọ̀dù ṣe jáde síta nìyẹn. Ẹ wo ohun tó rí: bàbá arúgbó tó dé fìlà, ó ń ri ọ̀pá pupa mọ́ iwájú ilé rẹ̀, pẹ̀lú èédú, pẹ̀lú iyọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú ihò. Lánlọ́ọ̀dù figbe ta. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọlọ́kadà ti pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi fóònù ya fídíò. Wọ́n ní kí Bàbá hú ohun tí wọ́n rì. Bàbá ní àwọn ò ní hú u. Wọ́n ní ta ló rán wọn níṣẹ́. Bàbá ní olóúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ bá kúrò lọ́rùn Bàbá, ó kọjá sọ́rùn olóúnjẹ. Ẹnìkan nínú èrò ní abájọ tí ìrẹsì rẹ̀ fi ń tà. Mò ń ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Olóúnjẹ ti ń sunkún nínú ilé ìdáná.

Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Wọ́n kàn bi lánlọ́ọ̀dù léèrè bóyá géètì rẹ̀ máa ń gbọn ènìyàn lọ́wọ́ bí òjò bá rọ̀. Ó máa ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n tiẹ̀ ti gbààwẹ̀ àdúà lé e lórí. Bàbá ní kí wọ́n lọ pa iná ilé náà, wọ́n tọ wáyà títí, wọ́n rí ibi tó ti bó sára géètì, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún gbẹ́ ihò tirẹ̀ fún ilé náà. Lánlọ́ọ̀dù tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan ló wá dúró ti ihò kejì, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo ohun tí Bàbá bá ti ń sọ sínú ihò, wọ́n á ní àmín. Ó sú Bàbá. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ má ṣàmín mọ́. Ẹ bu omi wá."

Nílé, àlàfo ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bàbá gbàgbọ́ pé ohun tó ń gbóná kò gbọdọ̀ fara ti ògiri. Ó gbọdọ̀ ríbi mí. Ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road, àwọn alásè sọ ẹ̀yìn ààrò di ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Bàbá kìlọ̀ títí ẹnu bó wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n kó gbogbo páálí náà dà síta, wọ́n gbé àga tiwọn wọ inú àlàfo náà, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n tan ààrò kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ. Àwọn alásè kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, fìlà Bàbá ti rin gbingbin, ojú wọn ti pọ́n bí epo, wọn ò sì dìde. Olórí alásè ló kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Bàbá ní, "Páálí ò lè sọ fún yín bó ṣe gbóná tó kó tó gbiná. Èmi lè sọ."

Òye yẹn dára fún hòtẹ́ẹ̀lì. Nílé wa, gbogbo ẹrù ló dúró sí àárín yàrá. Àga jìnnà sí ògiri, kọ́bọ́ọ̀dù jìnnà sí ògiri, adìyẹ àwọn ará ilé kejì ń yé sẹ́yìn rẹ̀. Màmá, ìyá àgbà mi, fara dà á títí ó fi kan ibùsùn. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo ayé ti máa ń já bọ́ lórí ibùsùn, àwọn nìkan ni wọ́n sọ ọ́ di méjì fún. Wọ́n ní, "Bàbá Sèlíátù, ibùsùn kì í ṣe ààrò." Bàbá ní, "Àwa tí à ń sùn lórí ẹ̀ ńkọ́, ṣé a ò gbóná ni?" Màmá fi gèlè bojú. Ibùsùn náà ò kúrò láàárín yàrá.

Ó wá kan àgádágodo. Lára ògiri gbogbo ibi tí Bàbá bá so ààrò mọ́ iná, wọ́n máa ń fi súìṣì kan síbẹ̀, èyí tó ní ọwọ́ irin. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀, iná kú. Ihò kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n lè fi àgádágodo há, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè gbé e sókè. Bàbá kì í tú ààrò láìkọ́kọ́ há a. Ẹni tó bá tì í nìkan ló lè ṣí i, bí ọba tilẹ̀ ń dúró de búrẹ́dì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú àpò kékeré kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán sínú ẹnu ṣòkòtò iṣẹ́ wọn, nítorí pé Màmá máa ń kó gbogbo àpò tí wọ́n bá mọ̀.

Mánijà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ní ìrọ̀lẹ́ kan tí Iléyá ku díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja tó ń bá wọn bójú tó ilé búrẹ́dì ni, ẹgbẹ́ mi ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń pè é ní wọ́n. Bàbá wà lẹ́yìn ààrò, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, orí wọn wà láàárín àwọn wáyà. Èmi lọ ra nọ́ọ̀tù. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun lọ kírun. Mánijà tọjà dé, ó bá ààrò ní kíkú, ó bá àgádágodo lára súìṣì, ó pe Bàbá lẹ́ẹ̀kan, etí Bàbá ò sì mú mọ́. Ó rò pé wọ́n ti lọ sílé, ó bá mú ayùn. Nígbà tí mo wọlé, ó ti gé e dé ìdajì. Bàbá náà ń ti ẹ̀yìn ààrò jáde bọ̀, nítorí ìró ayùn náà gba ara ògiri wá bá wọn.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n nà án sí i, wọ́n ní, "Gbé e lọ bá ìyàwó mi ní Agbowó. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún un." Mánijà rò pé àwàdà ni. Bàbá jókòó síbẹ̀ láìdé fìlà, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ kan ààrò mọ́ àfi bó bá lọ tó bọ̀. Ó bá wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé fìlà lé itan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹnìkan gbé fìlà ọkọ yín wálé, orí ò sí nínú rẹ̀, ẹni tó gbé e wá sì ń sunkún. Màmá lọgun. Àwọn ará àdúgbò pé, wọ́n ti ń gbá ilẹ̀, wọ́n ti ń tẹ́ ẹní, ẹnìkan ti lọ pe ààfáà. Mánijà fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún kò jẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ jàjà là, ó ní, "Wọn ò kú o. Èmi ni mo kàn fẹ́ pa wọ́n."

Kò sẹ́ni tó lù ú. Màmá mú un jókòó, wọ́n bu ẹ̀kọ fún un. Nígbà tó gbé fìlà padà dé, Bàbá dé e, wọ́n tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ní, "O ti rí ojú ìyá yẹn. Ojú yẹn ni mò ń ti àgádágodo fún." Wọ́n padà sẹ́yìn ààrò. Àgádágodo tuntun tí Mánijà fi owó ara rẹ̀ rà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Àgádágodo ọ̀hún náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Nígbà tí Alhaja pe oníwẹ́dà pé kó wá gé e, Mánijà fẹ̀yìn ti súìṣì, ó la apá méjèèjì. Ó ní Bàbá ló tì í, òun ò sì rí Bàbá kí wọ́n ṣí i. Alhaja di orí mú. Wọ́n ní ṣebí ojú rẹ̀ ni a ṣe sin wọ́n, ṣebí òun náà wà lára àwọn tó gbé òkú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbé e, ó tiẹ̀ wúwo, àmọ́ òun ò gbọ́ kí Bàbá sọ pé bí àwọn bá kú kí wọ́n gé e. Alhaja lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó dáa, òun ti gbà, àmọ́ òun ò kúrò lára ògiri. Oníwẹ́dà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Ó yẹ kí n bá Mánijà jà, àmọ́ mi ò ní parọ́, inú mi dùn sí i. Níwọ̀n ìgbà tí àgádágodo yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ Bàbá ò tíì parí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá sì tíì parí, á padà wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òpònú ni. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ ń pè ní "ìyàwó mi" láti kékeré lè rò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo àwọn obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo òfìfo, ààwẹ̀ ń bọ̀. Mo ní màá wá kọ́kọ́rọ́ náà.

Mo tú gbogbo ilé, mi ò rí ṣòkòtò iṣẹ́ Bàbá. Níkẹyìn mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Sèlíátù, nítorí Màmá wà nínú opó, Àǹtí ló fọ gbogbo aṣọ òkú. Wọ́n ní àwọn ti fi ṣe sàráà. Ládàní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ló gba ṣòkòtò yẹn.

Mo bá a níwájú mọ́ṣáláṣí, ó wọ̀ ọ́ sídìí. Mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ bo ìdí. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, òun ti fọwọ́ kàn án, tírà Bàbá ni. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ó ní èmi ọmọdé ò lè mọ̀. Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí máa ń gbọn òun létè ní gbogbo ìgbà tí òun bá pe ìrun, láti ọjọ́ tí òun sì ti wọ ṣòkòtò yìí, kò gbọ̀n òun mọ́. Mo wọlé lọ wo gbohùngbohùn náà. Ó ti kú pátápátá. Ládàní ní òun rò pé ohùn òun ló ti ń ròkè sí i.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní sàráà kì í padà. Òótọ́ ló sọ. Mo wá ní bí mo bá tún gbohùngbohùn náà ṣe, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò sì gbọn ẹnikẹ́ni, ṣé ó máa gbà pé kì í ṣe tírà? Ó gbà. Mo pa iná mọ́ṣáláṣí, mo tún wáyà rẹ̀ ṣe, mo gbẹ́ ihò, mo da èédú, mo da iyọ̀. Mo ní kó bọ́ ṣòkòtò náà, kó ró ìró, kó wá pe ìrun àsárì. Ó ń gbọ̀n kí gbohùngbohùn tó kàn án. Ohùn rẹ̀ jáde gbọ̀ngàn-ùn, ètè rẹ̀ sì wà lálàáfíà. Ó tú àpò náà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ fún mi, ó ní ṣòkòtò jẹ́ tòun o, pé kí n sì wá nǹkan fi dípò kí àpò má ṣófo. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí Màmá kan tí kò ṣí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo dé Bódìjà, Mánijà ṣì wà lára ògiri. Mi ò kọ́kọ́ ṣí i. Mo fi tẹ́sítà ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo wá gba ẹ̀yìn ààrò wọlé, síbi tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí kẹ́yìn. Wọ́n ti tú áàtì rẹ̀ sílẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà iná ńlá tó ti jóná wà ní gígé, ojú rẹ̀ tó bó sì fara ti ara irin ààrò. Bí oníwẹ́dà bá gé àgádágodo yẹn tí wọ́n sì gbé súìṣì sókè, ẹni tó bá kọ́kọ́ di ọwọ́ ilẹ̀kùn ààrò mú ni iná máa gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé Alhaja ló máa ń kọ́kọ́ ṣí i láràárọ̀. Mo pe Mánijà kó wá wò ó. Ó wò ó, ó lọ jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Alhaja lọ bá a, wọ́n fi ọwọ́ wọn gbá orí rẹ̀ mọ́ra, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fi wáyà tuntun tí mo rà ní Dùgbẹ̀ sí i, mo so áàtì, mo di gbogbo rẹ̀ le, mo dé ẹ̀yìn ààrò padà. Mo kó irinṣẹ́ jáde. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú àgádágodo, ó ṣí wẹ́rẹ́, mo bọ́ ọ sọ́wọ́. Àwọn obìnrin ti dìde, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí Mánijà gbé súìṣì sókè. Ó di ọwọ́ irin náà mú, kò gbé e.

Ó ní Bàbá kì í jẹ́ kí òun gbé e bí ẹni tó ti ẹ̀yìn ààrò jáde kò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó kù níbẹ̀. Ó wò mí, omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó ní, "Múnírá, ta ló kù lẹ́yìn ààrò?"

Alhaja ò kán mi lójú. Àwọn obìnrin ò kán mi lójú. Mo padà lọ yọjú sẹ́yìn ààrò, mo wò ó dáadáa, láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Mo jáde wá. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Mánijà gbé iná sókè.